Òjìji Búlúù Lórí Òjò Dídì

Nínú ìwé àjọ̀dún yìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa yóò kọ̀wé nípa bọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ jẹ́ kí àwa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan.

Ní àwọn ọdún 1970, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà wa fi owó ara wọn ra ọ̀dà olóròóró fún kíláàsì wa. Wọ́n gbé ẹ̀dà àwòrán kan kọ́ ara ògiri, La Pie, tí Claude Monet kùn ní ilẹ̀ Faransé ní 1868 sí 1869: ẹyẹ kan bà lé ìlẹ̀kùn ọgbà onígi, òjò dídì sì bo gbogbo ilẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé kí ọ̀dà tí òróró rẹ̀ kò pọ̀ ṣáájú, kí èyí tí òróró rẹ̀ pọ̀ tẹ̀ lé e, kí àwòrán má baà sán bí ó bá gbẹ. Kí a sì fi funfun gidi pamọ́ di ìgbẹ̀yìn, fún ibi tí oòrùn bá ti mọ́lẹ̀ jù lọ. Títí dé ibẹ̀, àlàáfíà ni. Ìjà dé nígbà tí wọ́n ní kí a po búlúù sí òjìji.

Ta ni nínú wa tí ó rí òjò dídì rí? Inú Sáàmù 51 ni a ti mọ̀ ọ́n, funfun ni níbẹ̀. A kùn tiwa ní funfun báláú, ó rí bí ẹ̀kọ tútù tí ó dà sílẹ̀. Àwa olùfọkànsìn kan sì lọ sọ fún ọ̀gá àgbà pé olùkọ́ yìí ń tako Bíbélì. A kò gbọ́ ohun tí wọ́n bá wọn sọ. Ohun tí a rí ni pé olùkọ́ wa kó àwọn ọ̀dà náà sínú àpótí, wọ́n tì í, lẹ́ẹ̀dì ni a sì ń lò títí a fi jáde.

Ẹ̀kọ́ ìsìn ni ó gbé méjì nínú àwa tí a fẹjọ́ sùn dé Scotland. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní ọdún, òjò dídì ti rọ̀ mọ́jú, oòrùn sì yọ. Òjìji ọgbà nà gbọọrọ sórí ilẹ̀. Búlúù ni! Níbi tí oòrùn kò dé, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run nìkan ni ó ń bọ́ síbẹ̀. Ibi tí oòrùn kàn rí bí wàrà tí a po oyin díẹ̀ mọ́. A dúró nínú otútù, a kò lè wo ojú ara wa.

Lẹ́yìn náà ni a kà pé ìgbìmọ̀ tí ń yan àwòrán fún ìpàtẹ Salon ní Paris kọ àwòrán Monet yìí ní 1869. Musée d'Orsay ni ó wà lónìí.

A ra ọ̀dà. A ba kánfáàsì púpọ̀ jẹ́. Nígbà tí a padà wálé, a gbé àwòrán kan lọ bá olùkọ́ wa, a dọ̀bálẹ̀, a tọrọ àforíjì. Wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé, wọ́n wo òjìji náà pẹ́. Wọ́n wá fi ìka kan igun kan tí ó ti fara ha.

"Ẹ kò jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó dì í."