Ṣé Egbé Lè Gbé Ẹni Méjì?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Bí egbé bá fẹ́ gbé ẹnì kan kúrò nínú ewu, tí ẹlòmíràn wá dì mọ́ ọn, ṣé á gbé àwọn méjèèjì?

Ìjà tí kò tán láàárín àwa ọmọ Máfolúkù nìyẹn nígbà tí a wà ní kékeré. Fádèyí Olóró inú Àrélù, eré Jimoh Aliu, ni ọ̀gá wa. (Ojo Arowosafe tó ṣe Fádèyí kú ní 2024, ohùn rẹ̀ ṣì wà létí mi.) Bí wọ́n bá ti ṣe é tán lórí tẹlifíṣàn, ó di ẹ̀yìnkùlé. Òfin wa le: ẹni tó bá kọ́kọ́ pe ọfọ̀ rẹ̀ tán láìkólòlò ló ni ìjà. Òkígbẹ́ kò gba ọta ìbọn, ayẹta kò gba àdá. Bí o bá pe gbètugbètu sí mi, tí mo ti di etí, kò mú mi. Ẹni tó bá ní òun ti lo gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó lé e dànù nínú eré. Ìrẹ́jẹ nìyẹn jàre.

Egbé nìkan ni a kò rí yanjú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹni tí wọ́n ṣe é fún nìkan ló mọ̀. Èmi ní irọ́ ni. Ṣé ènìyàn á wá fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lójú ogun, kí òun nìkan dé ilé? Ọjọ́ mẹ́ta ni a ò fi bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 27 January 2002, a ti kó wá sí Ìsọlọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ohun ìjà tó wà ní bárékè sójà ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní ogun ti dé. Èrò ń sá gba Òkè-Àfà. Ilẹ̀ ti ṣú, koríko sì bo ojú kánáàlì náà débi pé ilẹ̀ lásán ló jọ lójú ẹni tó ń sáré. Àwọn tó kú lé ní 1,000, omi yẹn ló mú púpọ̀ nínú wọn, ọmọdé sì pọ̀ níbẹ̀. Ìyá kan ní àdúgbò wa gbé ọmọ méjì jáde. Ọ̀kan ló gbé padà. N ò bi í léèrè títí ó fi kó lọ.

Nísinsìnyí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe eré kan ní pálọ̀ mi lálaalẹ́ Sátidé. Dungeons & Dragons ni wọ́n ń pè é; Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é: ìwọ á jẹ́ oṣó, èmi á jẹ́ jagunjagun, ẹnì kan á ṣe rẹfirí, dáìsì olójú ogún á sọ bóyá ọwọ́ tẹ nǹkan. Mo gba ìwé òfin wọn, ti 2014, mo kà á. Hàà! Ọfọ̀ kan ń fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, òmíràn ń fẹ́ ìjúwọ́, òmíràn ń fẹ́ èròjà. Ọ̀kan wà tó ń pa ọfọ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ fojú rí ẹni tó ń pe tirẹ̀. Ẹni tó bá lo àféèrí ti bọ́ nìyẹn. Àwa ì bá ti rí irú ìwé yìí ní Máfolúkù!

Lọ́jọ́ kan, oṣó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé etí odò. Ọ̀tá ń bọ̀ lẹ́yìn, àbúrò rẹ̀ méjì dì í mú. Ó ní ọfọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Dimension Door. Egbé gan-an ni: á gbé ènìyàn dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 500 lẹ́ẹ̀kan náà. Rẹfirí ṣí ìwé. Èmi tí mo ń ka ìwé ìròyìn, mo sún mọ́ tábìlì.

Ìwé ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè mú dání.

"Àwọn méjèèjì kéré, kà wọ́n sí ẹnì kan."

"Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Bọ̀dá, ẹ bá wa dá sí i."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó gbé àwọn méjèèjì. Rẹfirí dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní kí n má bínú, òun lè gbà kó yí dáìsì lẹ́ẹ̀kan péré. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 15 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yí i. 9 ló bọ́ sí.

Ọmọ náà wo dáìsì títí. Ó ní òun ò lo egbé mọ́, kí àwọn àbúrò òun bọ́ sẹ́yìn òun, òun á dúró jà. Aago mọ́kànlá alẹ́ lù kí wọ́n tó kúrò ní pálọ̀ mi, èmi náà ò tíì lọ sùn.