Ìwàásù Tí Ìyá Ìbejì Kò Gbọ́

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí ètè ń bó, tí àwọn ọmọ àdúgbò sì ń yin báńgà lójú pópó, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé Kérésìmesì ti dé tán. Ní Ìbàdàn wa níbí, Dùgbẹ̀ àti Gbági kì í gba ẹsẹ̀ mọ́. Télọ̀ tó gba aṣọ lọ́wọ́ ogójì ènìyàn á máa búra fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé tirẹ̀ ló wà lórí ẹ̀rọ. Ẹni tó ń ta adìyẹ á máa yan fanda bí ẹni tó ń ta wúrà. Kálukú ń sáré, kálukú ń làágùn, àfi bí ẹni pé ogun ń bọ̀.

Ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ tèmi náà ń pọ̀. Oníwèé ìròyìn ni mí, àpilẹ̀kọ ni mo sì ń kọ. Ọdọọdún, bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, olóòtú wa á ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ti Kérésìmesì dà?” Èmi náà á sì jókòó, màá kọ ọ́ pé Kérésìmesì kì í ṣe ìrẹsì, kì í ṣe adìyẹ, kì í ṣe aṣọ tuntun, Jésù ló ni ọjọ́ náà, ẹ má jẹ́ kí ariwo ọdún bo Ọlọ́dún mọ́lẹ̀. Àwọn òǹkàwé á máa kí mi pé mo kú iṣẹ́ ọpọlọ. Orí mi á sì máa wú.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, mo kọ tọdún náà tán, mo gbé e fún ìyàwó mi pé kó bá mi kà á wò. Ó ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó sì dá a padà fún mi.

“Ó dára, Bàbá Ìbejì. Ẹ mọ̀ ọ́n kọ.”

Inú mi dùn. Àfi bí ó ṣe tún tẹjú mọ́ ìrẹsì rẹ̀, tó ní, “Ṣùgbọ́n èmi ò tíì gbọ́ ìwàásù ọjọ́ Kérésìmesì rí láti ìgbà tí mo ti wọlé yín.”

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí àwàdà ni. Nígbà tó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọdún. Ọdún àkọ́kọ́, àwọn ẹbí mi ti ìlú wa wá, wọ́n fẹ́ rí ìyàwó tuntun. Ọdún kejì, oyún àwọn ìbejì ni. Ọdún kẹta, àwọn ọmọ kò tíì rìn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ti mọ ilé wa sí ilé ọdún. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko! Ní gbogbo àárọ̀ Kérésìmesì, èmi á da agbádá bora, màá di àwọn ìbejì lọ́wọ́ mú, a ó jókòó sórí àga kẹta láti iwájú. Ìyá wọn á wà lẹ́yìnkùlé, èéfín lójú, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, “Ìyá Ìbejì ńkọ́?” màá ní, “Ó wà nílé, ó ń ṣètò.” Onítọ̀hún á sì mirí, ọ̀rọ̀ ti parí. Lẹ́yìn ìsìn, màá kó ènìyàn mẹ́fà, méje dání wálé, màá ké láti ẹnu géètì pé, “Ìyá Ìbejì, a ti dé o!” Oúnjẹ á sì ti jinná.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìtàn Màtá àti Màríà tó wà nínú ìwé Lúùkù, mo ti lò ó nínú àpilẹ̀kọ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Mo máa ń fi bá àwọn obìnrin wí pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ilé gba ọkàn wọn bíi ti Màtá. Àṣé èmi tí mo ń báni wí ni mo fẹ̀yìn tì bíi Màríà, tí mo sì ń retí kí oúnjẹ Màtá jinná!

Mi ò sọ pé iṣẹ́ kò dára o. Ṣebí àwọn darandaran tí ìròyìn ìbí Jésù kọ́kọ́ kàn, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà, iṣẹ́ òru pàápàá. Kò sí ẹni tó bá wọn wí pé wọ́n ń ṣọ́ àgùntàn. Ṣùgbọ́n wọ́n dìde, wọ́n yára lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, wọ́n rí ọmọ náà, kí wọ́n tó padà. Iṣẹ́ kò burú. Iṣẹ́ tí a kò lè gbé kalẹ̀ fún wákàtí méjì ló ń di òrìṣà.

Mo tún rántí ìgbà tí iṣẹ́ gbé mi lọ sí Àgbádárìgì. Níbẹ̀ ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti C.M.S. ti jọ ṣe Kérésìmesì ní ọdún 1842, lábẹ́ igi tí wọ́n ń pè ní Àgíyà. Igi náà wó ní ọdún 1959. Ọ̀wọ̀n ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí mo ṣe dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé àwọn ènìyàn péjọ síbẹ̀, wọ́n sì sin Ọlọ́run. Ohun tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà, èmi ò bèèrè, ẹnikẹ́ni ò sì sọ ọ́.

Ni mo bá pe ìpàdé nílé, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A fẹnu kò pé alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún ni ọbẹ̀ máa jinná. Ìkòkò ìrẹsì kan ṣoṣo, kò sí mọ́ínmọ́ín. Àwọn ìbejì tó ti pé ọmọ ọdún méjìlá ni yóò fọ abọ́. Èmi ni yóò pa adìyẹ. Àlejò kò sì gbọdọ̀ dé kí aago méjì ọ̀sán tó lù.

Ká má purọ́, ó fa wàhálà. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti ìlú wa, wọ́n ní, “Ṣé ìyàwó rẹ ló wá ń pàṣẹ fún ọ báyìí?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.” Wọn ò dá mi lóhùn mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ wá ní aago mọ́kànlá, ó bá àgádágodo lẹ́nu géètì, kò sì kí mi títí oṣù Kìíní fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ti adìyẹ ńkọ́? Omi gbígbóná bó mi níka, ìyẹ́ wọ̀ mí nímú. Aago kan òru kọjá kí a tó sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó mi wọ léèsì kan tó ti rán láti ọdún méjì sẹ́yìn, tí kò rí ibi wọ̀ ọ́ lọ. Ó jókòó tì mí. A kọrin, a gbàdúrà. Bí àlùfáà ṣe gun orí àga ìwàásù báyìí, ni Ìyá Ìbejì bá sùn lọ fọnfọn! Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Gèlè rẹ̀ ń gún mi létí. Ọkàn kan ní kí n jí i. Mo ní rárá o, ẹ jẹ́ kó sùn nílé Bàbá rẹ̀.

Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, ojú ń tì í. Ó ní, “Kí ni àlùfáà tiẹ̀ sọ?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún un. Ibi tí mo bá gbàgbé, Táíwò á mú un wá; ibi tí Táíwò bá ṣì í sọ, Kẹ́hìndé á já a nírọ́. A sọ ọ́ títí a fi dé ilé, a tún sọ ọ́ títí ìrẹsì fi jinná. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nílé wa pé kí ọ̀rọ̀ ìbí Jésù gbà wá lẹ́nu ju ọ̀rọ̀ ẹran lọ. Aago méjì lù, àlejò dé, oúnjẹ tán kíá. Ebi kò pa ẹnikẹ́ni kú.

Mi ò wí pé a ti di ẹni mímọ́ láti ìgbà náà. Ọdún mìíràn wà tí a ti yẹ àdéhùn, tí ariwo ọdún tún borí wa. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ Kérésìmesì kankan báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ wo inú ilé mi. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó ka iye adìyẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka iye orí tó máa jókòó tì yín níwájú Ọlọ́run. Ta ni kò sí níbẹ̀? Ṣé ìyàwó yín ni? Ṣé ọmọdébìnrin tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ilé ni? Ṣé bàbá tó ń ṣọ́ géètì ni? Bí ó bá jẹ́ pé ọdún tiyín ni kò jẹ́ kí wọ́n rí àyè lọ, a jẹ́ pé ẹ ti dí Ọlọ́dún lọ́nà.

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọdún á yabo fún gbogbo wa.