Èdè Láàárín Ẹṣin àti Ẹlẹ́ṣin
Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nínú ìdíje dressage, níbi tí ẹṣin ti ń fi ìrìn dárà, ẹsẹ̀ ni ẹlẹ́ṣin sábà fi ń pàṣẹ. Ní 1944, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ kọlu aboyún kan ní Dẹ́ńmáàkì, Lis Hartel. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kú láti orúnkún lọ sísàlẹ̀. Kàkà kí ó jáwọ́, ó kọ́ Jubilee, ẹṣin rẹ̀, ní èdè mìíràn: bí ó bá ti fi ìdí tẹ gàárì ni ẹṣin ń yà. Ní Helsinki ní 1952, ọdún tí a kọ́kọ́ gba obìnrin láàyè nínú ìdíje náà ní Òlíńpíìkì, ṣe ni wọ́n gbé e gun ẹṣin. Síbẹ̀, ipò kejì ni ó gbà. Ó tún gbà á ní 1956.