Aṣọ Funfun Bàbá Àgbà

Ní Glei, lójú ọ̀nà Lomé sí Atakpamé, ni a ti dàgbà, àwa ọmọ ìyá mẹ́ta. Ọmọ ẹgbẹ́ Tijániyà ni bàbá wa àgbà. Ọ̀nà súfí ni, èyí tí Ahmad al-Tijani (1737–1815) là sílẹ̀ ní Àríwá Áfíríkà, tí Ibrahim Niasse (1900–1975) ti Kaolack sì mú gbilẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásárì, bàbá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn a tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, wọn a jókòó yí i ká, wọn a sì máa pe gbólóhùn kan ṣoṣo títí oòrùn yóò fi wọ̀: kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Ọlọ́hun. Ohùn a kọ́kọ́ rọra lọ bí ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bó bá pẹ́ díẹ̀, èjìká a bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwa a máa sín wọn jẹ lẹ́yìn fèrèsé, a ó sì máa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a dé ilé ẹ̀kọ́ girama, a ka ìtàn Rumi lédè Faransé, akéwì súfí tó kú ní Konya, nílẹ̀ Tọ́kì, lọ́dún 1273. A rí àwòrán àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tí Faransé ń pè ní derviche. Wọ́n ń yí bí òkòtó sí ohùn fèrè. Ọwọ́ ọ̀tún kọjú sókè láti gba oore, ọwọ́ òsì kọjú sílẹ̀ láti pín in fún ayé. A kọ́ pé aṣọ funfun wọn dúró fún aṣọ òkú, fìlà gíga wọn sì dúró fún òkúta orí sàréè: ìgbéraga ara wọn ni wọ́n ń sin. Ẹnu yà wá gidigidi.

A fi yangàn sọ ọ́ fún bàbá àgbà. Wọ́n fetí sílẹ̀ títí a fi parí, wọ́n ní: “Ó dára, ẹ̀yin ọmọ mi. Aṣọ funfun tèmi ńkọ́?” A kò lè fèsì. Wọ́n ní kí a wá jókòó ní Jímọ̀ọ̀ tó ń bọ̀. Àwọn yóò sọ ìdí aṣọ náà, àwọn yóò sì túmọ̀ ewì Lárúbáwá tí àwọn ń ké sí èdè Ifẹ̀ wa. A ṣèlérí. Ìdánwò dé, a sún un síwájú. A lọ sí Lomé, a tún sún un. Kí a tó padà, bàbá ti ṣaláìsí.

Lọ́dún 1925, ìjọba Tọ́kì ti gbogbo ilé àwọn derviche pa. Síbẹ̀ ijó náà kò parun, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ìjọba kankan kò ti ilé bàbá wa pa. Àwa ni a kò wá.

Aṣọ náà wà lọ́wọ́ wa báyìí. Ní Jímọ̀ọ̀, a máa ń gbé e lọ bá àwọn àgbà tó ṣẹ́ kù, a ó sì bá wọn jókòó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ka Rumi, ó yẹ ní kíkà. Ṣùgbọ́n bí àgbà ilé yín bá ní kí ẹ wá jókòó, ẹ má ṣe sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.