Kíndìnrín rẹ lára ẹ̀gbọ́n rẹ

Pobè, alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Bọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Lẹ́tà rẹ bá mi nílé ní Sakété. Mo dúpẹ́ pé ojú abẹ ìhà rẹ ti jinná. O ní ìyá kan, bàbá kan ni ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, kí ló dé tí dókítà ṣì ń bẹ̀rù kí ara rẹ̀ má kọ kíndìnrín tó o fún un.

Ní ilé ìwòsàn egbò Buruli tó wà ní Pobè níbí láti 2003, wọ́n máa ń bẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára itan aláìsàn láti fi bo egbò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá tú báńdéèjì, tí mo rí awọ náà tó pọ́n díẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ ẹran, ọkàn mi á balẹ̀. Ara mọ awọ tirẹ̀. Awọ ẹlòmíràn á dúdú, á sì ré dànù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Peter Medawar, ará Gẹ̀ẹ́sì, rí i lára ẹni tí iná jó pé bí wọ́n bá tún lẹ awọ olùfúnni kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ara á tètè lé e ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ara kì í gbàgbé àlejò. Bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan, bàbá kan, àlejò ni kíndìnrín rẹ lára ẹ̀gbọ́n rẹ.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n tún gún lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, basiliximab ni. Àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, T cell. Bí ọ̀kan bá kófìrí àlejò, á ta gìrì, á yọ etí kan síta tí wọ́n ń pè ní CD25. Etí yẹn ló fi ń gbọ́ ìpè pé kó bí sí i, kó rẹ̀. Antibody ni abẹ́rẹ́ náà, irú ohun tí ara fi ń gbá àrùn mú, àmọ́ etí yẹn ni wọ́n ṣe é láti dí. Ìpè á dún, ọmọ ogun ò ní gbọ́.

Abẹ́rẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, OKT3, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1986, antibody eku ni pátápátá. Nígbà tí wọ́n ń lò ó, gbogbo T cell ló ń kọlù. Ibà àti òtútù á máa gbọ̀n aláìsàn. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ, tó jáde ní 1998, ti ènìyàn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Etí tí a dí á là padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Bọ́lá. Oògùn oníhóró tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń lò lójoojúmọ́ ló máa ṣọ́ kíndìnrín náà lẹ́yìn ìyẹn. Bí ibà bá mú un, ẹ má fún un lágbo, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń gba Ìgòlò wọ Ìdí-Ìrókò. Owó oògùn oṣù méjì wà lọ́wọ́ mi. Sọ fún un kó má gé hóró kankan sí méjì dè mí.

Àbúrò ìyá yín