Ta Ni Yóò Ṣọ́ Wọ́ọ̀dù?

Ẹ bi ará Ìjẹ̀bú-Òde léèrè iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń ṣe, abẹ́rẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ kì í gbà tó ìṣẹ́jú kan. Ìṣọ́ ló ń gba ọjọ́ àti òru wa: ká máa wo bí ọmọ tí ibà ń bá fínra ṣe ń mí, ká mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ń dá tàbí ó ń pọ̀ sí i, ká fura pé bàbá tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ yẹn kò sùn, ṣúgà ara rẹ̀ ló ń já wálẹ̀. Dókítà á wá, á yẹ aláìsàn wò, á kọ oògùn, á sì kọjá sí wọ́ọ̀dù mìíràn. Nọ́ọ̀sì ló kù.

Ọwọ́ kan kì í sì í gbé ẹrù dórí. Bí aláìsàn bá jẹ́ mẹ́fà, nọ́ọ̀sì kan lè ṣọ́ wọn. Bí wọ́n bá di ogún, kò ṣọ́ ẹnì kankan mọ́, sísáré ló ń sáré kiri. Òru ló le jù: wọ́n lè máa gbé àwọn tó fara pa lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin wọlé, kí aboyún máa rọbí nínú yàrá kejì, kí iná sì lọ.

Ọjọ́ ayẹyẹ kò yàtọ̀. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn regbéregbé, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí, bá ń jó wọ ibi ayẹyẹ Ojúde Ọba, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń yìnbọn, a máa ń gba àwọn àgbàlagbà tó ti ìdálẹ̀ wá, tí wọ́n gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílé. Oòrùn àti ijó á ṣe ìyókù. Nọ́ọ̀sì tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà ti rán aṣọ wà ní wọ́ọ̀dù, aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀.

Ohun gbogbo tí kò tó nínú ètò ìlera, ẹnu nọ́ọ̀sì ni aráàlú ti ń gbọ́ ọ. Òun ló ń sọ fún ẹbí pé kí wọ́n lọ ra ìbọ̀wọ́ àti omi tí a ó fà sí aláìsàn lára. Òun kọ́ ló ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, òun ni wọ́n ń bú. Òótọ́ ni pé ẹnu àwọn kan nínú wa le. Ẹni tí kò fẹ̀yìn lélẹ̀ láti àná, ọ̀rọ̀ dídùn a máa wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n ní àwa nọ́ọ̀sì ń sá lọ sí òkè òkun. Nọ́ọ̀sì Kofoworola Abẹ́ní Pratt náà lọ: ó kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ṣùgbọ́n ó padà, torí ilé ìwòsàn ńlá tuntun, UCH, ń dìde ní Ìbàdàn, ipò sì wà fún un. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní UCH.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà gbé òfin jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí wọ́n tó lè jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún òkè òkun. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti Èkó. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n gùnlé ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ara ohun tí wọ́n bèèrè ni owó àjẹmọ́nú tó yẹ àti kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ sí i. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n bèèrè yìí ló lè mú nọ́ọ̀sì dúró, òfin ọdún méjì yẹn kò lè mú un. Ọdún méjì á pé, ẹni tó fẹ́ lọ á sì lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjọba, ẹ gba nọ́ọ̀sì sí i, kí ẹ sì san owó òru fún ẹni tó ṣiṣẹ́ òru. Ẹ̀yin regbéregbé tí ẹ ń ta ilé ìwòsàn lọ́rẹ, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gé rìbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ tuntun, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí yóò máa lò ó ní aago méjì òru.