Báwo Ni Lọ́ńdọ̀nù Ṣe Jìnnà Tó?

Láti ìgbà tí màmá mi ti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó bí wọn ni mo ń gbé ní Ìbàdàn. Lálaalẹ́, ìbéèrè kan náà ni ìyá àgbà máa ń bi mí: "Báwo ni ibi tí ọmọ mi wà yìí ṣe jìnnà tó?" Ìdáhùn mi kò ju pé, "Ó jìnnà gan-an, mà."

Ní táàmù tó kọjá, olùkọ́ jọ́gíráfì wa kọ́ wa bí a ṣe ń ṣírò ọ̀nà láàárín ìlú méjì. Dígírì látítúùdù kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 111. Èkó wà ní nǹkan bíi dígírì 6½, Lọ́ńdọ̀nù wà ní 51½. Bí a bá sì fa ìlà láti Èkó lọ sí àríwá tààrà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan Lọ́ńdọ̀nù. Mo yọ 6½ kúrò nínú 51½, ó ku 45. Mo sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 111, ó di 4,995. Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé Heathrow, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 5,000.

Mo sáré wálé. "Ìyá àgbà, Ìbàdàn sí Èkó tó nǹkan bíi kìlómítà 130. Bí ẹ bá lọ ọ̀nà yẹn nígbà 38, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ màmá mi."

Wọ́n káwọ́ lérí. "Ọjọ́ mélòó ni ọkọ̀ òfurufú fi ń rìn ín?"

"Kò tó ọjọ́ kan, mà. Ó máa kọjá lórí aṣálẹ̀ Sàhárà, Òkun Mẹditaréníà àti ilẹ̀ Faransé, síbẹ̀ nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà àbọ̀ péré ni."

Mo rò pé inú wọn máa dùn, àfi bí ojú wọn ṣe yí padà. "Wákàtí mẹ́fà àbọ̀? Ọjọ́ tí mọ́tò wa bàjẹ́ lọ́nà Ìlọrin, a pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló wá dé tí ọmọ mi ò wá wò mí láti ọdún mẹ́rin?" Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà.

Ìṣirò mi pé, ṣùgbọ́n ó ti sọ màmá mi di ẹlẹ́bi. Ká sọ òótọ́, èmi náà ti ń bínú sí wọn tipẹ́. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo sì bi wọ́n. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ti tu owó tíkẹ́ẹ̀tì jọ nínú iṣẹ́ òru tí àwọn ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ìyá àgbà. Èkejì ni wọ́n fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ìdánwò mi.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá àgbà, wọ́n fọwọ́ kan ojú wọn. "Ojú tí mo fi ń wọ̀nà fún un," ni wọ́n sọ, "owó ọkọ̀ rẹ̀ ni."

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò bi mí mọ́ bí Lọ́ńdọ̀nù ṣe jìnnà tó. Kóló kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn báyìí. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí wọ́n bá ta ẹ̀wà tán, wọ́n á sọ owó díẹ̀ sínú rẹ̀. Èmi náà máa ń sọ owó tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi sí i.